Ìyá Kánjú àti Ìlù Oníke

Sátidé, 3 Oṣù Kẹfà

Dírẹ́bà, ọkọ mi, gbé ẹrù wọlé lónìí. Mo rò pé oúnjẹ ni. Géèmù ni! Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn ló fi ta á lọ́rẹ – gìtá oníke kan, ìlù oníke olójú mẹ́rin, máíkì, waya jánganjàngan. Pálọ̀ dà rú. Mo pariwo títí. Ọkọ mi tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìlú dé ìlú, tó yẹ kó sùn bó bá délé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń so waya mọ́ra bí ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Bí wọ́n ṣe ń gbá a: àwọ̀ á máa já bọ̀ lójú tẹlifíṣàn – pupa, yẹ́lò, búlúù, àwọ̀ ewé. Bí àwọ̀ kan bá kan ìlà ìsàlẹ̀, tí ìlù inú orin dún, kí o lu ojú ìlù tó ní àwọ̀ yẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní eré ọmọdé lásán-làsàn. Mo wá lù ú títí ìkòkò fi jóná lórí iná.

Sọ́ńdè, 4

Mo fìdí rẹmi nínú gbogbo orin tí mo gbá. Ẹ̀rọ náà ń kọ ọ́ sí mi lójú pé mo yá jù. Mo yá jù, mo yá jù, bíi kí n sọ ọ̀pá lù ú. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ gan-an ti mọ̀ mí, èmi tí mo máa ń parí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ fún un. Ó sọ mí ní Ìyá Kánjú. Màmá – ìyá rẹ̀, tó ń gbé ọ̀dọ̀ wa – gba máíkì, ó kọ orin mìíràn pátápátá tí kò sí nínú géèmù, ẹ̀rọ sì fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta. Ẹ wo ìrẹ́jẹ.

Wẹ́sìdè, 7

Mo dijú lù ú, etí nìkan ni mo fi ṣe é. Ìlù dún, ọwọ́ mi balẹ̀, ó bára mu rẹ́gí. Mo lajú: mo yá jù.

Sátidé, 10

Mo ti rí ẹni tó ń dà á rú. Kì í ṣe èmi. Dírẹ́bà ni. Ó ń ta gìtá, mo ń wo ìka rẹ̀: gìtá á kọ́kọ́ dún, ìka á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́. Mo ní waya ni. A pààrọ̀ waya, síbẹ̀ náà ni. Ó wá yíjú sí mi pé ṣé kò rẹ̀ mí – ohùn rẹ̀ dé etí mi, ẹnu rẹ̀ ò tíì là. Bíi fíìmù tí wọ́n gbé ohùn ẹlòmíràn lé. Ara mi bù máṣọ.

Kì í ṣe ti géèmù ni mò ń rò. Ti ọ̀nà ni. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ ń pẹ́ lẹ́yìn, òun ló ń wa ọkọ̀ tó ga ju ilé lọ. Bí ọmọdé bá já sí títì lójijì ńkọ́? Títí bíréèkì á fi mú, kí ló kù?

Túsìdè, 13

Ìjà. Mo ní kó tọrọ ìsinmi. Ó ní ìsinmi kí ni, ta ló ń ṣàìsàn? Dókítà ilé iṣẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ojú dára, ọwọ́ yá. Ó ní bóyá èmi ni kí n lọ gbàtọ́jú. Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀, mi ò tijú. Mo ní bí nǹkan bá ṣe é, kí ni mo fẹ́ fi ayé ṣe? Ìyẹn ló mú un rọ̀. Ó ṣèlérí fún mi pé bó bá ti wà lórí ìrìn, òun ò ní gbé fóònù mọ́, ẹni yòówù kó pè, àní bó jẹ́ èmi. Ọkùnrin yìí kì í yẹ àdéhùn. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Tọ́sìdè, 15

Mo wà ní kíṣíìnì, Màmá pè mí láti pálọ̀. Mo ní "Mà!", mo sáré lọ. Ó ń wò mí bí ẹni rí iwin. Ó ní, "Ìyàwó mi, mi ò tíì pè ọ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lanu ni." Ó ní kì í ṣe àkọ́kọ́. Ó wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó tó ń dáhùn kí wọ́n tó pè é, ibo ni wọ́n ti ń rí irú rẹ̀ láyé ìsinsìnyí? Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ohùn ṣáájú, ẹnu tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe Dírẹ́bà ló ń pẹ́. Èmi ni mò ń gbọ́ ọ ṣáájú.

Fúráìdè, 16

Ní lọ́ńdìrì tí mo ti ń gbaṣọ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà: mo sọ fún obìnrin kan, "Ọ̀la, lẹ́yìn ọ̀sán." Obìnrin náà ní òun ò tíì béèrè ìgbà tí aṣọ òun á yá. Mo gbé fóònù sétí, mo ní hẹ́lò, kò sẹ́nìkan níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni iná rẹ̀ wá tàn pé wọ́n ń pè. Ẹni tó ń lọ aṣọ bi mí pé ìgbà wo ni mo di wòlíì.

Mo yà lọ yẹ etí wò. Wọ́n fi nǹkan bò ó, wọ́n ní bí mo bá gbọ́ ohùn kí n nawọ́. Mo nawọ́. Ọkùnrin tó ń ṣe é fajú ro. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé méfò. Mi ò tíì tẹ nǹkan kan." Ó ní etí mi pé pérépéré.

Sọ́ńdè, 18

Èmi nìkan nílé. Ibì kan wà nínú géèmù yẹn tí kò sí orin, kó, kó, kó ṣáá ni, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ bóyá ohùn àti àwòrán jọ ń rìn. Mo gbọ́ kó, mo lù ú, mo dúró. Mo mí sínú, mo mí síta. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tàn lójú tẹlifíṣàn.

Mo pa ohùn tẹlifíṣàn. Ilé pa lọ́lọ́. Mo tún gbọ́ ọ, kó, bẹ́ẹ̀ ohùn ṣì wà ní pípa. Mo wo ọwọ́ mi – ó ń lọ tan ohùn náà padà. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo sá kúrò ní pálọ̀, mo fi ìlù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mọ́ńdè, 19

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Dírẹ́bà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ìrìn àjò kan ló kù lọ́sẹ̀ yìí, bó bá dé lọ́jọ́ Fúráìdè, àwa méjèèjì á lọ rí dókítà ńlá. Ó kó géèmù padà sínú páálí. Mo fẹ́ràn ọkọ mi o. N kì í sọ ọ́ tó.

Túsìdè, 20

Nǹkan tó ń ṣe mí ti ń lọ! Ẹnu àti ohùn ti ń pàdé lójú oníkálukú láti àárọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Àfi ti àwo. Mo gbọ́ tí àwo fọ́ ní kíṣíìnì, mo pariwo "Màmá, ẹsẹ̀ yín!", mo já wọlé. Àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀ digbí. Ariwo mi ló mú un ta gìrì, àwo bọ́. Mo rí i tó fọ́ sílẹ̀ yángá-yángá, mi ò gbọ́ ìró kankan – mo ti gbọ́ tirẹ̀ ṣáájú. Màmá ní, "Ìwọ lo fọ́ ọ, ìwọ ni wàá gbá a." Mo gbá a.

Wẹ́sìdè, 21

Dírẹ́bà gbéra. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọpẹ́ ni.

Tọ́sìdè, 22

Ọ̀sán. Òjò. Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n kan ilẹ̀kùn – gbọ̀n, gbọ̀n, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n dáhùn. Dírẹ́bà ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn: kò sí ẹyẹ, kò sí eku, òjò nìkan. Bí mo ṣe ń tì í padà ni Màmá fi igbe ta lẹ́yìn mi. "Ọmọ mi o! Ọmọ mi kan ṣoṣo! Ikú wo ló pa á?" Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn rí láyé mi. Mo yíjú. Màmá jókòó jẹ́jẹ́, ó ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Ó ní, "Kí ló dé? Atẹ́gùn ń wọlé."

Mo sáré mú fóònù. Mo pe Dírẹ́bà, ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti gúnlẹ̀, ó ti páàkì sí ọgbà ilé iṣẹ́ wọn lọ́hùn-ún, ó ń jẹun. Ó ní òun á sun ibẹ̀, òjò yìí kì í ṣe òjò tí wọ́n ń wakọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹnu mi ò lè sọ ohun tí mo gbọ́. Mo ṣáà fẹ́ rí i lójú mi, kí n fọwọ́ kàn án, kí n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo ní kó máa bọ̀ nílé. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀? Mo ní Màmá dákú.

Ó ní, "Mo ń bọ̀."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, ara tù mí. Mo mu omi. Mo jókòó. Ìgbà yẹn ni orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ó ti páàkì! Ó ń jẹun! Kò sí ọ̀nà kankan níwájú rẹ̀ mọ́ títí di ọ̀la. Èmi ni mo lé e padà sórí ìrìn, nínú òjò, pẹ̀lú ìdágìrì pé ìyá rẹ̀ ń kú lọ.

Mo pè. Mo tún pè. Ó ń dún, kò gbé e. Ó ti ṣèlérí fún mi. Mo pe ọgbà náà, ọlọ́dẹ ní eré ló bá jáde, kò parí oúnjẹ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́. Mi ò yé pè é, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ ti kú báyìí. Mo jẹ́wọ́ fún Màmá pé mo fi orúkọ rẹ̀ purọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní n ò ní pa òun lẹ́rìn-ín, pé bí ọmọ òun bá dé, àwa méjèèjì la máa jọ gba ìbáwí. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lónìí. Ó ti gbé omi ìwẹ̀ kaná fún un. Èmi ń kọ èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń retí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá gbórí sókè. Ó ní wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, ṣé mi ò gbọ́ ni?

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti dìde, ó ń lọ ṣí i.