Ọmọláńgidi Tí Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Kú

                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
                                        Ìlọrà,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Ìyá Pẹ̀lúmi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Àbújá? Báwo ni ìyá ìkókó, Ìtùnúolúwa ọmọ wa? Ṣé ọmú ń wá dáadáa? Ìkókó ńkọ́, ṣé ó ń jẹ́ kí ẹ sùn, àbí ohùn bàbá rẹ̀ ló gbé wá sáyé? Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ kú ọwọ́ lómi. Olúwa á wò ó, á dá a sí. Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀ o, ìwọ náà ti dàgbà. Àwa níbí, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀, ẹ̀gẹ́ oko Akínmọ̀ọ́rìn ti ta, àwọn ìyá ìjọ sì ń bi mí léèrè rẹ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi bí ẹni pé mo fi ọ́ pamọ́ sí yàrá.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí n ò pè ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù. Bí mo bá pè ọ́, màá pariwo, ìwọ á sunkún, káàdì á tán, ọ̀rọ̀ ò sì ní tíì dé ibi tó ń lọ. Jókòó, kí o fi sùúrù kà á. Pẹ̀lúmi wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ mọ̀.

O rántí ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ tí o ń lọ. O ní ọmọ rẹ wà lábẹ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní ìtọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́, pé kí n má jẹ́ kó bá wọn lọ sójú ogun ní Àríwá láìmọ bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Mo ní mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi yọ̀ bí ọmọdé nígbà tí ọmọláńgidi aláìsàn tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí dé. Mobọ́lá, o ò rí irú rẹ̀ rí! Ó ń mí. Ó ń ṣẹ́jú. Ó ń làágùn, ó ń ké, bí o bá sì tẹ nǹkan kan lójú fóònù ńlá tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa tú jáde ní itan rẹ̀ bí ẹ̀rọ omi tó bẹ́. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ò bá yára fi ọ̀já so itan náà pinpin, ó máa kú. Ikú rẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Á kú, á jí, o tún un ṣe, títí ọwọ́ rẹ á fi mọ̀ ọ́n. Ó ń kú mọ́ ọ lọ́wọ́ níbí kí ọmọ ènìyàn má baà kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́hùn-ún.

Ta ló máa sọ èyí fún Kọ́nẹ́lì Olúbọ̀dé kó yé e? Òun ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bó bá ń bọ̀, ikùn á kọ́kọ́ wọlé, ara yòókù á wá máa tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe sọ ọmọláńgidi náà kalẹ̀ nínú mọ́tò, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ o, kó má baà dọ̀tí. O mọ irú wọn, àwọn tó ń ra àga tuntun tí ọ̀rá orí rẹ̀ á fi gbó mọ́ ìdí àlejò. Wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n dé e ní fìlà ọmọ ogun. Gbogbo àlejò tó bá ti Ọ̀yọ́ wá ló ń bá a ya fọ́tò. Àwọn ọmọ tí a torí wọn rà á wá ń yọjú wò ó lójú fèrèsé bí ẹni ń wo òkú olówó. Ṣíọ̀!

Ìyẹn ò tíì tó o. Ó ní a kì í lo ohun tuntun láìyà á sí mímọ́. N ò bá a jà lórí ìyẹn, èmi náà gbàdúrà sí mọ́tò mi nígbà tí mo rà á. Àfi bó ṣe lọ pe Wòlíì Ọlọ́runfẹ́mi láti Fìdítì. Wòlíì bi mí léèrè ohun tí nǹkan yìí ń ṣe, mo sì fi òtítọ́ inú ṣàlàyé fún un pé ó ń kú, ó ń jí, ó tún ń kú. Bàbá náà ta gìrì. Ó ní àbíkú ni! Mo rò pé ó ń ṣeré. Ibo ni eré wà? Ó da òróró sí i láyà, ó bu omi sí i lójú, ó lu agogo yí i ká, ó sì sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀: Kòkúmọ́. Gbogbo ọ̀gá ọmọ ogun, àwọn tó kàwé, tí bàtà wọn ń dán, ń dáhùn pé kò ní kú mọ́, àmín, kò ní kú mọ́. Èmi nìkan ni n ò ṣe àmín. Láti ọjọ́ yẹn, òróró ti wọ inú ẹ̀rọ, ojú òsì rẹ̀ ò ṣeé pa dé mọ́. Bóyá àdúrà ló gbà.

Ibi tí a wà nìyẹn tí wọ́n fi ní Ọ̀gágun kan ń bọ̀ wá wo Kòkúmọ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ikọ̀ Pẹ̀lúmi máa gbéra lọ sí Àríwá, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó tíì fọwọ́ kan ọmọláńgidi yẹn. Kọ́nẹ́lì pè mí. Ó ní, “Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ máa mú fóònù yẹn dání. Ohun yòówù kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣe, ẹ ṣáà tẹ ibi tí Kòkúmọ́ máa fi jí. Kò gbọdọ̀ kú níwájú Ọ̀gágun.” Pẹ̀lúmi ló sì mú pé kó wá tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe torí pé ó mọ nǹkan kan o. Ó ní ọmọ náà ga, fọ́tò rẹ̀ á dára.

Ọ̀rá wà lára Kòkúmọ́ síbẹ̀. Mo tẹ fóònù, ẹ̀jẹ̀ bẹ́ lábẹ́ ọ̀rá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Pẹ̀lúmi ju ọ̀já sí i nítan, ọ̀já ń yọ̀ lórí ọ̀rá. Ó tún un fà, ọmọláńgidi lọgun. Kí lo rò pé ọmọ rẹ ṣe? Ó tú ọwọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́: “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ má bínú, sà.” Rọ́bà o! Bó bá ti fà á díẹ̀ tí nǹkan náà ké, á tún tú u, á tún kí i pẹ̀lẹ́. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìwọ lo kọ́ ọ, mo mọ̀, mo sì ti ń fi ẹ̀kọ́ tí o kọ́ ọ yangàn láti kékeré rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Ìka mi wà lórí ibi tí màá tẹ̀. Kọ́nẹ́lì ń fi ojú pàṣẹ fún mi. Mo wo Pẹ̀lúmi lórí ìkúnlẹ̀, mo sì rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe máa kúnlẹ̀ nínú iyanrìn lọ́hùn-ún, tí á máa kí ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi tán lára rẹ̀. Mo ká ìka mi kúrò. Mo jẹ́ kó kú.

Ẹ̀rọ dún fííì, ọmọláńgidi dákẹ́, ojú òsì rẹ̀ ń wo Ọ̀gágun ràn-ìn. Kọ́nẹ́lì fò dìde, ó ń pariwo pé “Kòkúmọ́, dìde!” bí ẹni pé orí pàrádè ló wà. Wòlíì, tí wọ́n tún pè wá, ti ń wá agogo rẹ̀. Ọ̀gágun wá bi Pẹ̀lúmi pé ìgbà mélòó ló ti fi nǹkan yìí kọ́ṣẹ́. Ọmọ náà ní òní ni ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní yẹ̀ẹ́, ó parí, òtítọ́ ti jáde, ọlọ́gbọ́n kan ti dé. Ṣé o mọ ohun tí ọlọ́gbọ́n náà sọ? Ó ní ọmọláńgidi yìí ò lágbára tó. Ó ní kí wọ́n kọ̀wé béèrè fún òmíràn tó le jù ú lọ, tí kò ní máa tètè kú. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́! Agbada ńlá, kò sí ẹ̀fọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n fún èmi ní kúẹ́rì, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ dé kíláàsì mọ́ títí wọ́n á fi pè mí. Kí wọ́n má pè mí. Ṣé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Nígbà tí a jáde ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, mo bá Pẹ̀lúmi lẹ́nu géètì ilé mi, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Kò lè wo ojú mi. Ó ní, “Mọ́mì, ọ̀la là ń lọ, n ò sì mọ̀ ọ́n.” Kí ni kí n ṣe? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo bọ́ aṣọ ìsìn, mo wọ ògbólógbòó ṣòkòtò ọkọ mi, mo rọ sóbò sínú rọ́bà dírípù, mo há a sábíyá, mo na okùn rẹ̀ gba inú aṣọ dé itan, mo sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní ẹ̀yìnkùlé. Bí mo bá ti fún abíyá, sóbò á tú jáde. N ò ní ọ̀já tiwọn nílé. Mo gbé ọ̀já ìpọnmọ fún un, pẹ̀lú orógùn kékeré kan tó máa fi lọ́ ọ kó lè fún. Èmi Olúyẹ́misí wá di ọmọláńgidi lọ́jọ́ ogbó. Kò ṣáà sí ọ̀rá lára tèmi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó lọ́ ọ, mo ké, ó tú u, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.” Mo fi ẹsẹ̀ kejì ta á nípàá. Mo ní bó bá tún kí mi pẹ̀lẹ́, màá kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo sì kú! Mo kú léraléra. Àlàkẹ́ aládùúgbò mi yọjú lórí fẹ́ǹsì, ó rí sóbò nílẹ̀, ó figbe ta, mo ní kó lọ jókòó. Mo bú ọmọ rẹ bí n ò ṣe bú ọmọ bíbí inú mi rí. Mo ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kó sunkún tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó máa lọ́ orógùn.

Nígbà tó yá, kò kí mi mọ́. Omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń lọ́ ọ. Sóbò dúró. Ó tún lọ́ ọ sí i. Ìrora tó wọ̀ mí lára nígbà náà kì í ṣe eré mọ́. Mo gbàgbé pé èmi ni tíṣà. Mo bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, mo ní kó tú u, mo ní nítorí Ọlọ́run. Nígbà tí n ò mọ ohun tí mo tún lè sọ, mo ní, “Pẹ̀lúmi, nítorí ìyá rẹ.”

Kò tú u, Mobọ́lá. Orúkọ rẹ ni mo fi bẹ̀ ẹ́, kò tú u.

Wọ́n gbéra láàárọ̀ àná. Kòkúmọ́ ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lọ́dọ̀ Kọ́nẹ́lì, ó ń gba atẹ́gùn. Bí ọmọ rẹ bá pè ọ́ láti ọ̀hún, tí ohùn rẹ̀ le díẹ̀, tí kò béèrè orúnkún rẹ bó ṣe máa ń béèrè, jọ̀wọ́, má bá a wí. Bá mi kí Ìtùnúolúwa àti ọkọ rẹ̀. Bá mi fi ẹnu ko ìkókó lẹ́nu. Ojú àpá ọ̀já náà ṣì dúdú yí itan mi ká, n ò sì tíì fi nǹkan kan pa á.

Èmi ni tìrẹ, tó ń tiro tayọ̀tayọ̀,
Olúyẹ́misí.