Orúkọ Ta Ni Ká Fún Títì Etí Omi?

Ilé tó kángun sómi,
Òpópónà Ìdíkọ̀ Ojú Omi.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, pàápàá jù lọ aláròyé yẹn. A wà ní àlàáfíà níbí, àfi pé Bàbá wa ti dákẹ́ jù fún mi.

Ìjọba ìbílẹ̀ ló fẹ́ fún títì etí omi wa lórúkọ. Àdúgbò tí ẹ fi sílẹ̀ kọ́ nìyí mọ́ o: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti gba iwájú wa, àwọn òṣìṣẹ́ ń wọkọ̀ ojú omi lọ sígboro láràárọ̀, wọn ò sì mọ ẹni tó ṣán igbó ibẹ̀. Bàbá ní orúkọ Bàbá Àgbà ló yẹ, torí ọkọ̀ wọn ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbí láti erékùṣù ńlá. Ọkọ̀ ìdílé Káfíńtà, aládùúgbò wa, ló ṣe ìkejì, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń pè é ní Àlejò títí dòní. Bàbá ti lọ aṣọ sílẹ̀ de ìpàdé tí a máa fi yan orúkọ náà.

Àfi bí àwọn tó ń gbẹ́ kòtò páìpù ṣe kan ààrò àtijọ́ kan lẹ́yìn ilé ìdáná wa láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé gan-an. Òkúta, eérú, ìkarahun, àti ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọ jòjòló kan. Ó jìn ju ìpìlẹ̀ tí Bàbá Àgbà fi lélẹ̀ lọ. Olùkọ́ ìtàn tí a pè wá wò ó ní ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé. Mo ní ká rọra bò ó, kí ìpàdé kọjá ná.

Ní ìpàdé, wọ́n ní kí Bàbá sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Bàbá dìde, wọ́n ní:

"Ìyá kan ti dáná níbí, ó ti wẹ ọmọ níbí, kí bàbá mi tó mọ ọkọ̀ wà. A ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má fi orúkọ bàbá mi bò ó mọ́lẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo sunkún. Káfíńtà ló di Bàbá lọ́wọ́ mú wálé. Ó ní kí n kí yín.

Láti ìgbà náà, Bàbá ò sọ ìtàn ọkọ̀ yẹn mọ́, kódà bí àwọn ọmọ bá bẹ̀ wọ́n. Ó ń dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ ní kí wọ́n sọ bí Bàbá Àgbà ṣe dé síbí fún yín. Ẹ má sọ pé ẹ ti gbọ́ ọ rí.

Èmi àbúrò yín tí àárò yín ń sọ,
Àbígbẹ̀yìn.