Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọkọ Ìyá Ọmọ Mi San Ìpín Tèmi

Agboolé Oníbàtà,
Ìṣokùn,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Olórí Ẹ̀ka Ìgbáyégbádùn Ìdílé,
Sẹkitéríàtì Ìjọba Ìbílẹ̀,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ NÍPA ÌPÍN MI NÍNÚ ÌTỌ́JÚ ỌMỌ MI, Ẹ̀RÍOLÚWA, TÍ ỌKỌ ÌYÁ RẸ̀ Ń SAN LÁÌ GBA ÀṢẸ LỌ́WỌ́ MI

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ìfaradà àwa tí a ń gbé ọ̀rọ̀ ilé wa wá bá yín. Orúkọ mi ni Mátíù Ọlọ́runfúnmi. Iṣẹ́ awọ ni mò ń ṣe ní Ọ̀yọ́, bàtà ni mo sì ń ṣe jù nínú rẹ̀. Èmi ni mo bí Ẹ̀ríolúwa, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Comfort, ní àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí èmi àti Comfort ti kọ ara wa sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń kọ̀wé sí yín, kí ẹ bá wọn dín owó kù ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ san, wọn kò jẹ́ kí n san, ẹjọ́ mi nìyẹn.

Nígbà tí a pínyà, iwájú yín ni a ti parí ọ̀rọ̀. Ìyáàfin Adéjọkẹ́, òṣìṣẹ́ yín, ló bá wa pín ìtọ́jú ọmọ. Wọ́n ní kí ìyá máa bọ́ ọmọ, kí ó sì máa wá ibi tí yóò máa sùn sí. Wọ́n ní kí èmi máa san owó ilé-ìwé, kí n sì máa wá aṣọ àti bàtà tí yóò máa wọ̀ lọ síbẹ̀. Àwa méjèèjì gbà, àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa sì gbàdúrà sí i. Kò sí ẹni kẹta nínú ìpín náà. Comfort kò tíì fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé nígbà náà, tàbí kí n sọ pé wọn kò tíì jẹ́ kí n mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé yìí ló ni ṣọ́ọ̀bù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe fọ́tókọ́pì ní Under G. N kò ní bú u nínú lẹ́tà. Ó lówó lọ́wọ́, ó ní jẹnẹrétọ̀ tí kì í kú, gbogbo ènìyàn ló sì ń rẹ́rìn-ín sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ fún mi pé ènìyàn dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní ìkà ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá rọrùn láti sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, mo kó owó ilé-ìwé dání, mo wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Akọ̀wé ilé-ìwé ní wọ́n ti san án. Mo ní ta ló san án. Ó ní bàbá Ẹ̀ríolúwa ni. Mo dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà. Nígbà tí mo pe Comfort lórí fóònù, ó ní ó yẹ kí n dúpẹ́ ni, pé ọkọ òun kàn fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, nítorí ó mọ̀ pé ọjà bàtà kò yá. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọjà mi kò yá.

Sáà yìí náà, wọ́n tún ti san án kí n tó dé. Mo gbé e mì. Mo ní ó kéré tán, bàtà ọmọ ṣì wà níkàáwọ́ mi. Mo mú awọ tó dára jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì fi ọwọ́ ara mi rán bàtà ilé-ìwé fún un. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ tí mo yà sórí páálí nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi ni mo lò, mo sì fi díẹ̀ kún un, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ ń dàgbà. Mo gbé e lọ bá a ní ilé-ìwé. Kò wọ̀ ọ́. Gìgísẹ̀ rẹ̀ dúró síta. Èmi tí mò ń wọn ẹsẹ̀ fún tọmọdé tàgbà ní Ọ̀yọ́, n kò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ tí mo bí. Bàtà dúdú kan tí wọ́n rà lọ́jà ló wọ̀ wá, ó sì bá a mu rẹ́gí. N kò bèèrè ẹni tó rà á.

Ọmọ náà rí ojú mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Dádì Ọ̀yọ́."

Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ti ń pe ènìyàn nílẹ̀ yìí. Ẹni tí ọmọdé bá fi ìlú kún orúkọ rẹ̀, àbúrò bàbá ni, tàbí àlejò tó ń yà wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Dádì tí kò ní ìlú lẹ́yìn ló ń gbé nínú ilé. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun, pé kí àwọn ará ilé lè mọ èyí tí òun ń wí nínú àwa méjèèjì ni.

Wọ́n lè sọ fún yín pé mò ń jowú. Òótọ́ ni, mò ń jowú. Ti Comfort ti kọjá, tàbí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n ọmọ kò kọ̀ mí sílẹ̀, èmi náà kò sì kọ ọmọ. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé kò tíì bí tirẹ̀, ìdí ọmọ tèmi ló wá ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí. Mò ń bá a bẹ Ọlọ́run kó fún un ní tirẹ̀, kó máa rí ẹni náwó lé lórí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe Comfort àti ọkọ rẹ̀, kí ẹ sọ fún wọn pé ìpín tí a ṣe níwájú yín ṣì dúró. Bí owó bá pọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, oúnjẹ wà nínú ìpín ìyàwó rẹ̀, kí ó bá a gbé e. Èyí tó ti san, mo ṣetán láti dá a padà fún un lójú yín.

Ìyáàfin Adéjọkẹ́ bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí n kò kúkú máa fi owó náà ránṣẹ́ láti báńkì, kí n yọ ara mi nínú wàhálà ọ̀nà. Ìdáhùn mi rèé. Bí mo bá mú owó dé ilé-ìwé, ọ̀gá wọn á ní kí wọ́n pe Ẹ̀ríolúwa jáde wá kí bàbá rẹ̀, àwa méjèèjì á sì jókòó lábẹ́ igi títí aago yóò fi lù. Nígbà tí a ń pín ìtọ́jú rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí dá ọjọ́ tí n óò máa rí i, èmi náà kò sì lè máa lọ tọrọ ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé. Ẹ jẹ́ kí n máa san owó yìí fúnra mi. Bí wọ́n bá ń san gbogbo rẹ̀ tán kí n tó dé, kí ni kí n sọ fún wọn ní ilé-ìwé pé mo wá ṣe?

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Mátíù Ọlọ́runfúnmi,
Oníṣẹ́ awọ, bàbá Ẹ̀ríolúwa.