Ẹni Tí Kò Sí Nínú Rẹ́jísítà

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, òtútù Kánádà ò rí mi gbé ṣe, mo sì ń jẹun dáadáa.

Èmi ni mo ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n wa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìtàn ní yunifásítì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń sọ bí àwọn ará Ọ̀kà ṣe sá gun òkè nígbà ogun Núpé. Mo ní àwọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ gòkè. Bàbá kan tó jókòó sórí àga ìkẹyìn mirí. Wọ́n ti ṣí fìlà, wọ́n fi lé orúnkún, bí Bàbá wa ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi èdè Ọ̀kà sọ pé àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú èbù iṣu lórí.

Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Ọmọ mẹ́tàlélógún ni mo pè nínú rẹ́jísítà, gbogbo wọn ló sì dáhùn. Yìnyín bo ìta, àmọ́ erùpẹ̀ pupa ló wà lẹ́sẹ̀ bàbá náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín lóṣù yìí, tí ẹ ní Bàbá wà lóko. Mo gbà. Mo rí i nínú fọ́tò pé Akíndèjì àbúrò mi fárí. Ó yẹ ẹ́.

Màámi, bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nílẹ̀, ẹ má tíì sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa ní kékeré pé irú bàbá tó wá sí kíláàsì mi yìí kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tó bá ti gbọ́ ìròyìn wọn. Mo ti gbé àga wọn sún mọ́ ibi tó móoru.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bàbá nìkan ni kí ẹ má bá mi kí. Èmi fúnra mi á kí wọn ní kíláàsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.

Iyìọlá, ọmọ yín