Fèrèsé Tí Ẹ Fi Amọ̀ Dí

Kútọnu, 1978

Bàbá Jẹ́láàní ọkọ mi,

Àlàáfíà ni mo wà o, ẹsẹ̀ nìkan ló wú. Kamaradi dókítà ní kì í ṣe ikọ́ ife tí ẹ pariwo rẹ̀ fún ẹbí kí ẹ tó kó ẹrù mi síta. Ó ní èéfín ló ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí ọkàn mi fi ń ṣe làálàá kó tó lè ti ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ni omi bá sọ̀kalẹ̀ sẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ fi amọ̀ dí fèrèsé ilé ìdáná, kí kómítè Révolution tí ìjọba fi ń ṣọ́ àdúgbò má baà rí èéfín gàrí fàyàwọ́ yín.

Mo gbọ́ pé ìyàwó tuntun ló ń yan gàrí níbẹ̀ báyìí. Ẹ bá mi kí i. Ṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́?

Èmi Ràfátù.