Iye Tí Ilé Ń Jẹ

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá 2025

Eré wa ti fẹ́ bà jẹ́. Àwa mẹ́ta la máa ń jókòó yí tábìlì mi ká ní Ìkìrun lọ́sàn-án Àbámẹ́ta. Èmi ni atọ́kùn: èmi ni mò ń sọ ìtàn, èmi ni mò ń fọhùn fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́nà — ọba, iwin, onígààrí. Motọ́láyọ̀ ni jagunjagun (Jagun ni mo ń pè é nínú ìwé yìí). Fikáyọ̀ tó ń tún fóònù ṣe ni Olè. Wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì á sọ bóyá ó bọ́ sí i.

Lónìí wọ́n pa iwin inú ihò Ìbà, wọ́n kó igba wúrà. Kíá, Olè ti ra ẹṣin mẹ́ta. Mo bi í pé kí ni àwọn ẹṣin náà ń jẹ. Ó ní eré ni. Eré! Ìwé òfin tí a rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sọ pé wúrà kan lójúmọ́ tó fún oúnjẹ àti ibùsùn èèyàn. Ó dájú pé ẹni tó kọ ọ́ kò ní ẹbí.

Màá kọ òfin tuntun. Kí Jagun náà lè rí bí ilé ṣe ń jẹ owó. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń bi mí pé ìgbà wo ni àwọn èèyàn mi ń bọ̀ wá mọ àwọn òbí òun ní Òkukù. Ó rò pé mò ń fi òun ṣeré ni. Olùkọ́ ìṣirò kì í ṣeré.

Àìkú, 5

Lẹ́yìn ìsìn, ìṣirò. Ilé, oúnjẹ, epo, ọṣẹ, àtùpà. Ojú ewé mẹ́fà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán — ìyẹn náà dín ìnáwó kù.

Ọjọ́rú, 8

Mo ra gààrí lọ́jà Inísà nígbà tí a jáde níléèwé. Ó ti wọ́n ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Mo délé, mo tún ojú ewé kejì kọ.

Àbámẹ́ta, 11

Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀. Kí a tó dé ojú ogun rárá, Olè ti ta ẹṣin méjì san owó ilé.

Jagun ka ojú ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ń fi bíírò lu eyín. Ó ní, "Àlejò dà?" Mo ní àlejò wo. Ó ní ẹni tó kó igba wúrà wálé, tí gbogbo Ìbà rí i, ta ni kò ní wá kí i? Bí owó bá ṣe ń pọ̀ ni kí ẹbí máa pọ̀. Ẹni tó bá lé wọn, kí orúkọ rẹ̀ bà jẹ́, kí onígààrí má tà á láwìn mọ́.

Òótọ́ ni. Ojú tì mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo rò ó.

Ajé, 13

Òfin àlejò parí. Ju dáìsì: bó bá jẹ́ ọ̀kan, kò sẹ́ni tó wá. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, àbúrò bàbá rẹ wá lo ọjọ́ mẹ́ta, ó lo oṣù mẹ́ta. Ti mẹ́fà yìí kì í ṣe àròsọ. Lórí ẹní ni mo sùn jálẹ̀ oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àbámẹ́ta, 18

Nínú eré, iwin ń pa èèyàn ní Inísà, kò sẹ́ni tó ráyè lọ. Olè ti ń wọ àkísà kí ẹbí má baà fura. Jagun ń fi idà gé ẹ̀fọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Mo sin Jagun dé ibi ọkọ̀ Òkukù. Mo ní ṣé ó ti rí i báyìí pé èèyàn gbọ́dọ̀ múra tán ná? Ó sanwó ọkọ̀. Ó wá ní, "Oyèwálé, yàrá kan lo kọ́kọ́ ní kí o gbà ná ká tó fẹ́ra. Ó di yàrá méjì. Ní báyìí ó ti di yàrá méjì pẹ̀lú iná sólà." Mo ní gbogbo nǹkan ló ń gòkè. Ó ní, "Ọjọ́ orí tèmi náà ń gòkè." Ó wọkọ̀.

Àìkú, 19

Kò gbé fóònù.

Ọjọ́rú, 22

Olè ń tún fóònù mi ṣe, ó sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè. Ó ní bàbá Motọ́láyọ̀ ti sọ pé òun ò ní dúró dè mí kọjá ọdún yìí. Ẹlòmíràn ti ń béèrè rẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo wá ẹ̀rù náà nínú ojú ewé mẹ́fà yẹn, mi ò rí ibi tí mo kọ ọ́ sí.

Àbámẹ́ta, 25

Ó wá. Mi ò rò pé Jagun á wá.

Ó ní jagunjagun òun ń lọ sí oko kan lẹ́yìn Ìbà, ta ló wà níbẹ̀? Mo ní — láìronú — àgbẹ̀ kan ni, iṣu díẹ̀, ewúrẹ́ méjì, yàrá kan tó ń jò. Ó ní òun kí i. Mo fi ohùn àgbẹ̀ jẹ́ ẹ. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn fẹ́ra, ṣé ó gbà?

Olè gbójú sókè.

Àgbẹ̀ ní òun ò tíì múra tán. Jagun ní kò burú, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ó fa ìwé mi sọ́dọ̀. Owó ilé méjì di ọ̀kan. Ìkòkò méjì di ọ̀kan. Àtùpà, epo. Ó kó ẹbí tọ̀tún tòsì jọ sójú kan, kò rẹ́ mi jẹ rárá. Owó ṣẹ́kù lóṣooṣù. Ó wá ṣírò ti àgbẹ̀ tó ń dá gbé: gbèsè. Mo wá àṣìṣe, mo wá a títí. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò rèé. Kò sí.

Ó ní, "Kí ni àgbẹ̀ wí?"

Atọ́kùn kò gbọdọ̀ rú òfin ara rẹ̀. Àgbẹ̀ ní òun gbà. Ohùn yẹn ò tiẹ̀ jọ ti àgbẹ̀ mọ́.

Olè ní ká ju dáìsì. Jagun kó dáìsì sápò. Ó ní, "Ẹnu ìwọ ló ti jáde. Bàbá wà nílé lọ́la lẹ́yìn ìsìn. Mú ẹ̀gbọ́n rẹ dání."

Àìkú, 26

Òkukù. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lórí ìdọ̀bálẹ̀. Bàbá kò béèrè iye tí mò ń gbà. Wọn ò béèrè yàrá. Wọ́n kàn ní, "Kí ló dé tó o fi pẹ́ tó báyìí?"

Ojú ewé mẹ́fà wà lápò mi. Torí irú ìbéèrè yìí gan-an ni mo ṣe mú un dání. Mi ò yọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí, sà."

Bàbá ní ká dìde. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́rin! Ọ̀rọ̀ tí kò ná ọ ní kọ́bọ̀."