Ìgbín Inú Bàsíà Màmá

                    Abà Olúwalóṣèyí,
                    Ọ̀nà Atosin,
                    Ìdànrè,
                    Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                    Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ìyá Toheeb, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú òjò. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Toheeb ńkọ́? Àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ yanrìn ńkọ́, ṣé ó ti fi yanrìn sílẹ̀ fún ẹ̀kọ? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí ohun tí apá kò ká.

Tèmi, ara le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Má fi mí rẹ́rìn-ín pé ìwé ni mo kọ bí ìgbà tí a wà níléèwé. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé ní abà wa, ibẹ̀ náà sì ni Màmá, ìyá ọkọ mi, ń sá kòkó sí. Ohun tí mo bá sọ níbẹ̀, etí wọn ló ń bọ́ sí. Felix tó ń fi mọ́tò kó kòkó lọ sí Àkúrẹ́ ni mo fẹ́ fi ìwé yìí rán sí ọ.

O ṣeun tí o ní kí n gbé Dára wá sí ọsibítù Àkúrẹ́. O mọ̀ pé ọmọ náà máa pé ọdún mẹ́rin lóṣù tó ń bọ̀, síbẹ̀ "bà" nìkan ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹni tí mo bá fọ̀rọ̀ lọ̀ á ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Akólòlò kọ́ lọmọ mi o! Akólòlò ń sọ̀rọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi ní tirẹ̀ ní olóríkunkun ni, pé bí òun bá pè é kì í dáhùn, àfi bí òun bá lọ dì í lápá mú.

Obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ń jẹ́ Àǹtí Fúnmiláyọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mọ ohun tí kò jẹ́ kí ọmọdé sọ̀rọ̀. Mo rò pé ẹnu ni yóò ní kí Dára kọ́kọ́ là. Rárá o! Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀, ó da bọ́ọ̀lù, ṣíbí àti bèbí síwájú ọmọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré. Ó ní kí Dára fún bèbí lóúnjẹ, Dára kàn ń wò ó. Ìgbà tó nawọ́ sí ṣíbí, tó ṣe bí ẹni tó ń jẹun, ni ọmọ mi bá mú ṣíbí, ó sì ń fi í sí bèbí lẹ́nu. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Àǹtí ní òye ọmọ yìí pé. Ó bi mí pé èdè wo la ń sọ nílé, ìgbà wo ló kọ́kọ́ wí "bàbàbà," ṣé ó máa ń nawọ́ sí ohun tó bá fẹ́, ṣé etí rẹ̀ máa ń ṣọyún. Mo ní ó ń ṣọyún dáadáa, pé àdín ni Màmá ń kán sí i. Ojú obìnrin náà yí padà.

Ó wá bọ́ sẹ́yìn ọmọ, ó pe orúkọ rẹ̀. Dára ń yí bọ́ọ̀lù. Ó pè é sókè sí i, Dára kò wẹ̀yìn. Ìyá Toheeb, ó mú ìdérí ìkòkò méjì, ó gbá wọn pọ̀, èmi gan-an ta gìrì! Ọmọ mi kò mira. Mo ń gbọ́ bí bọ́ọ̀lù náà ṣe ń yí lọ lórí sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀yìn èyí ló tó wo ẹnu. Ó fi oyin díẹ̀ kan ètè rẹ̀, Dára yọ ahọ́n, ó lá a mọ́ tónítóní títí dé igun ẹnu. Ó ní ahọ́n rẹ̀ kò ní àrùn kankan, etí ló yẹ kí àwọn yẹ̀ wò, pé kí n gbé e padà wá ní Ọjọ́bọ̀ yìí. Ó ní kí a má kán nǹkan kan sí i mọ́, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ahọ́n ọmọ náà. Mo ní ta ni yóò fọwọ́ kan ahọ́n ọmọ mi?

Mo délé, mo ròyìn, Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Etí kẹ̀? Ṣé etí la fi ń sọ̀rọ̀ ni?" Wọ́n ní okùn abẹ́ ahọ́n ló di ọmọ náà mú, pé bí wọ́n ṣe gé ti Lékè ọkọ mi ní kékeré nìyẹn, tí egbò kò tíì jinná tó fi ń rojọ́ bí lọ́yà. Bàbá Dára tẹjú mọ́lẹ̀. O mọ̀ ọ́n, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní orí kọ́ ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, ahọ́n ni wọ́n fẹ́ gé!

Màmá kì í ṣe ìkà o. Àwọn ló ń jí gbé omi kaná fún Dára, ẹ̀gbẹ́ wọn ló ń sùn sí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá kórìíra ọmọ ẹni, a mọ bí a ṣe ń sá fún un.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní Sátidé, lẹ́yìn òjò, Màmá wọ oko kòkó lọ, wọ́n gbé ìgbín kún bàsíà bọ̀, wọ́n fi ewé bò ó, wọ́n gbé òkúta lé e. Ọ̀jẹun bíi tèmi, mo ti lọ ata! Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án. Sọ́ńdè kọjá, a kò jẹ ìgbín. Mo bi Bàbá Dára pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun kò mọ̀, ó jáde lọ sóko, ó sì gbàgbé àdá rẹ̀ sílé.

Àná ni Bàbá Ògúnbọ̀dé yà kí Màmá. Olóòlà ni, àwọn ló ń dá abẹ́ fún ọmọ gbogbo agbègbè yìí. Wọ́n gbé àgbọ̀n Dára sókè, wọ́n la ẹnu rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀ títí. Wọ́n wá ṣí ewé orí bàsíà, wọ́n ní, "Ó tó." Yéè! Ìgbà yẹn ló yé mi. Ṣé o rántí ohun tí wọ́n ń kán sí ojú egbò ìkókó tí wọ́n bá dá abẹ́ fún? Omi ìgbín ni.

Ṣé o mọ Fẹ́yìsetán tó ń ta ẹ̀wà ní Aládé? Bàbá yìí kan náà ló gé abẹ́ ahọ́n ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù Odode, aṣọ ni wọ́n fi bò ó lójú bọ̀. Kò sẹ́ni tó bá Bàbá wí, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Ète mi ni pé bí Màmá bá lọ sí ìsìn àánú ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, n ó pọn Dára, n ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, kí o fún wa níbi tí a ó sùn sí títí di Ọjọ́bọ̀. Òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, Màmá kì í pa ìsìn àánú Ọjọ́rú jẹ.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí mo dìde lọ wo iná. Màmá wà níbẹ̀. Mo ní ṣé kí n bá wọn lọ aṣọ ìsìn wọn sílẹ̀ de ọ̀la. Wọ́n ní àwọn kò ní lọ, pé àlejò ń bọ̀ láàárọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, wọ́n ní, "Kẹ́misọ́lá, lọ́la ni ìwọ náà máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ."

Ọ̀rẹ́ mi, n kò lè dúró de ọ̀la mọ́. Felix ti ń di àpò kòkó, ojú Bàbá Dára ló sì ti ń dì í, kò sí bí mo ṣe lè wọ mọ́tò rẹ̀. N ó gbé kẹ́ẹ̀gì bí ẹni tó ń lọ pọnmi, n ó gba inú oko já sí títì Odode, kí n wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́ níbẹ̀. Fóònù mi, orí ẹní ni n ó fi sí, kí wọ́n lè rò pé n kò jìnnà. Nítorí náà, má pè mí o. Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí ilẹ̀ ṣú tí o kò rí wa, jọ̀ọ́, dìde wá. Bá mi kí Toheeb àti àbúrò rẹ̀, kí o sì ní kí bàbá wọn fi àdúrà rántí wa.

Dára fẹ́ràn àtimáa sáré lé labalábá nínú oko, ṣùgbọ́n lónìí n kò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí a ó fi dé títì. Bó bá já mọ́ mi lọ́wọ́ nínú igbó kòkó yẹn, mo lè pè é títí ohùn mi yóò fi há. Wọn yóò gbọ́ mi nílé, Bàbá Dára yóò gbọ́ mi níbi tó ti ń di àpò. Dára nìkan ni kò ní gbọ́.

                    Èmi ni tìrẹ, tí ojú ń kán,
                    Kẹ́misọ́lá, Ìyá Dára.